Ṣòkòtò iṣẹ́ tó ń ya lábẹ́: ẹ má wulẹ̀ dá aṣọ lẹ́bi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n télọ̀. Táìlì ni mò ń lẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣòkòtò tí mo bá wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kì í pé oṣù mẹ́ta tó fi ń ya lábẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra jíǹsì tó nípọn dáadáa, èyí tí wọ́n kọ "organic" sí lára, pé kì í gbó bọ̀rọ̀, kì í sì í ba ayé jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó yẹn. Ìbéèrè yìí ti fẹ́ẹ̀ sú mi. Ta ló sọ fún yín pé aṣọ tó bá ti nípọn kì í ya? Mú èyí tó ya gbẹ̀yìn, kí o yí inú rẹ̀ síta. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ṣì le koko, ojú ìrán ló là. Ìrán ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ti itan ọ̀tún àti ti òsì, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti pàdé. Bí o bá ti lóṣòó, ojú kan yẹn ló ń jìyà. Aṣọ tó nípọn kì í gbà fún ọ, òwú ìránṣọ ni yóò máa fà títí yóò fi já. Nínú oòrùn tiwa yìí, á tún mu òógùn, á wúwo, á máa bó ọ nítan.

Télọ̀ ni Jacob Davis ní ìlú Reno, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ ń ya, igun àpò àti àwọn ojú ibi tó máa ń já ló kàn ní ìṣó bàbà. Òun àti Levi Strauss, oníṣòwò aṣọ, gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1873. Ojú ibi tó ń ya ni kí ìwọ náà tọ́jú.

Sọ fún télọ̀ rẹ kó gé aṣọ onígun mẹ́rin tó tó àtẹ́lẹwọ́, kó fi há abẹ́ ṣòkòtò, kí ìrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má pàdé lójú kan mọ́. Mi ò ní kó sọ abẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ o! Bó bá ti wálẹ̀ jù, tí o gbẹ́sẹ̀ lé àkàbà, gbogbo ṣòkòtò ni yóò fà lọ sókè. Kó ká etí aṣọ méjèèjì wọnú ara wọn, kó rán an lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ jíǹsì. Òwú pọlísítà ni kó fi rán an. Kaki olówùú tí kò nípọn jù ti tó. Ní orúnkún, kó lẹ aṣọ kejì mọ́ ọn, kó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí o lè ti fóòmù bọ̀ ọ́.

Ní ti "organic", bí wọ́n ṣe gbin òwú ló ń sọ, kò sọ bí ṣòkòtò yóò ṣe pẹ́ tó. Èyí tí o wọ̀ fún oṣù mẹ́ta tí o jù sí ààtàn, oore wo ló ṣe ayé? Bí owó ò bá sí, òkìríkà ọjà Katangowa ní Èkó dára ju tuntun burúkú lọ. Na itan rẹ̀ sí oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ, fi í sílẹ̀. Lóṣòó nínú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á; bó bá ń rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rín in. Bí ojú aṣọ bá sì ti ń fẹ́lẹ́, gbé e wá ká lẹ̀ ẹ́ kó tó ya.

Kaki àti jíǹsì kò dí sìmẹ́ǹtì tútù o. Bó bá ti rin orúnkún rẹ, bọ́ ṣòkòtò náà, kí o fi omi ṣan ara rẹ, torí ó máa ń jó ènìyàn.

Ẹ̀yin wẹ́dà tó ń kà á, òwú pọlísítà tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe tiyín, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tó ń fà. Iná máa ń yọ́ wọn mọ́ ènìyàn lára. Ẹ má ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín sókè, ẹ̀ta iná á kó síbẹ̀. Télọ̀ ni mí ṣá, ohun tí ọ̀gá ààbò níbi iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ wọ̀ ni kí ẹ wọ̀.