Ìkòkò iná: kí n rà á, àbí kí n ṣe é fúnra mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àdá, ọkọ́ àti ìwọ̀ ẹja ni mò ń rọ ní Ìkòròdú, èédú igi ni mo fi ń dáná. Ẹnì kan fẹ́ ta ìkòkò iná, èyí tí èédú máa ń jó nínú rẹ̀, tí wọ́n dà lókè òkun fún mi. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ wẹ́dà ní kí n má rà á, pé dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ọkọ̀ ti tó láti fi ṣe é. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ṣe é fúnra rẹ. Èédú tí o dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkòkò òkè òkun, èédú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀. Èédú ilẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra bí iná bá mú un, ìkòkò tó jìn ní ínṣì 4 ti tó o. Èédú igi tiwa fúyẹ́, àlàfo pọ̀ láàárín rẹ̀. Bí ìkòkò bá pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ ẹwìrì á ti dé ara irin kí iná tó jẹ ẹ́ tán. Irin á máa hu èépá dúdú, ẹnu àdá á ti fẹ́lẹ́ kí o tó gbé ọmọ owú. Jẹ́ kí tìrẹ jìn tó ínṣì 6 tàbí 7.

Dúrọ́ọ̀mù ọkọ̀ kékeré kò jìn tó. Lọ bá àwọn tó ń tú tírélà. Ti tírélà á fẹ̀ jù, á máa jẹ èédú rẹ lófò, nítorí náà po amọ̀ mọ́ iyanrìn àti eérú díẹ̀, fi rẹ́ inú rẹ̀ kí ó rí bí inú igbá. Jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tó bá sán, tún un dí. Bí mo ṣe ṣe èyí tí mò ń lò ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, ìdákọ̀ró àwọn apẹja ọ̀sà ni mo sì ń rọ nínú rẹ̀ jù.

Ibi páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ ẹwìrì wọ ìdí ìkòkò ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún ọ. Páìpù dúdú ni kí o rà, má lo páìpù omi tí wọ́n rẹ sínú síǹkì. Ní ìwọ̀n Celsius 907 ni síǹkì ń hó di èéfín, iná wa sì ń kọjá ìyẹn. Mo fa èéfín funfun yẹn símú nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di òru, òtútù ń gbọ̀n mí, gbogbo ara ń ro mí bí ẹni tí wọ́n lù. Kí wẹ́dà jó o bíi lẹ́tà T: afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, eérú á já bọ́ nísàlẹ̀, níbi tí ìdérí tó ṣeé ṣí wà.

Má da omi sí ìkòkò náà nígbà tó bá gbóná. Kaásì, irin dídà tó máa ń tètè sán, ni dúrọ́ọ̀mù. Tèmi àkọ́kọ́ sán láti etí dé ìdí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń kánjú lọ kírun tí mo bu omi pa iná rẹ̀.

Bí ojú rẹ bá ṣì wà lára ti ọlọ́jà yẹn, mú rúlà dání. Tó bá jìn tó ínṣì 6, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé yọ pààrọ̀, mi ò ní bá ọ jà.

Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ fẹ́ iná sí i, ìṣó ńlá ni kí o fi síbẹ̀, má fi àdá oníbàárà dán an wò. Bí ìṣó bá ń ta pàrà bí ìràwọ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Dín ọwọ́ ẹwìrì kù.