Èsì: Boxer tó ń dùbúlẹ̀ sójú títì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní aago méjì ọ̀sán lẹ máa ń mú ajá yín, Boxer, rìn, tó sì ń dùbúlẹ̀ sójú títì. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ooru ló ń mú un. Èémí ni ajá fi ń lé ooru jáde lára, imú Boxer sì kúrú. Ẹ gbé ìrìn náà sí ìdájí.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀:

1. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ tan fáànù sí i.
2. Ẹ da omi sí i níkùn àti lẹ́sẹ̀.
3. Ẹ gbé omi síwájú rẹ̀; ẹ má fipá rọ ọ́.

Tí ahọ́n rẹ̀ bá dúdú bí aró, tàbí tó ń rìn bí ọ̀mùtí, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa rẹ ẹ́ lómi lọ lójú ọ̀nà.

Tèmi n'Ìbàdàn, bí iná bá ti lọ báyìí, orí táìlì báluwẹ̀ ló ń na ikùn sí, itọ́ á máa kán tó tó tó. Ẹ ṣáà máa nulẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé láàárọ̀ tútù náà ló ń dákú, kì í ṣe ooru mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ lára Boxer.