Ṣé ìràwọ̀ márùn-ún tó láti fi ra ọ̀dà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kun ilé mi l'Óṣogbo. Akunlé ní kí n ra ọ̀dà kan tí wọ́n ń pò ládùúgbò, ọmọ mi sì fi òmíràn hàn mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn tó rà á fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá oníṣòwò kan.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ilé, ìyá wa. Ẹ máa gbé e pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí ẹni tó ra ọ̀dà ń fún un ní ìràwọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ nígbà tí ògiri ṣì ń dán, tó fi jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe tètè dé ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dà ara ògiri ìta kì í fi ìwà rẹ̀ hàn títí òjò yóò fi pa á fún ọdún kan tàbí méjì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó padà wá lẹ́yìn ọdún kan ni mo máa ń kà, ìbáà ṣe ìràwọ̀ ẹyọ kan ló fún un. Síbẹ̀, òun náà lè ṣì í dá: bí ó bá kun ògiri tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ, èyí tí a máa ń fún ní nǹkan bí ọjọ́ 28, ọ̀dà kọ́ ló jẹ̀bi. Ìràwọ̀ tí a fowó rà kò sì ṣọ̀wọ́n. Ìyẹn ló mú kí Amẹ́ríkà fi òfin dè é ní 2024.

Ti akunlé yín ńkọ́? Bí àmì MANCAP bá wà lára ike ọ̀dà náà, ó kàn túmọ̀ sí pé ó kúnjú ìwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀ ni, kò sọ pé ó dára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wíwúwo ike tàn yín. Titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà, ló ń mú kí ó bo ògiri dáadáa, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ẹfun kò wọ́n, ó sì wúwo, òun ni apọ̀dà tó ń wá èrè kíákíá máa ń dà sí i láṣejù.

Ẹ ra lítà 4 péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì-méjì sórí ìwé ìròyìn, láìbu omi kún un ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike. Èyí tí lẹ́tà ìwé bá ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀ yóò gbà ju ike kan lọ lára ògiri, owó pọ́ọ́kú tí ẹ rò pé ẹ fi rà á yóò sì di ọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, ní ìhà tí òjò ń fẹ́ sí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ nù wọ́n, kí ẹ wo èyí tó fi ẹfun síni lọ́wọ́, kí ẹ tó fi àkísà tútù fọ̀ wọ́n láti wo èyí tí yóò ṣí.

Bí akunlé bá ní òun kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rọra bi í léèrè iye tí ẹni tó ń ta ọ̀dà náà fẹ́ fún un lórí ike kọ̀ọ̀kan.