Prójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ lórí gbígbé pẹ̀lú ẹni tó yàtọ̀ síni: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́ọ̀sì kan ní yunifásítì lórí bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tó yàtọ̀ sí i gbé. Wọ́n ń kọ nótì, wọ́n ń yege, kíláàsì á parí, kálukú á padà sọ́dọ̀ ẹni tó jọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe prójẹ́ẹ̀tì tó máa tún nǹkan ṣe nínú ọgbà, báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan kékeré, ẹ jọ̀ọ́. Grúùpù tó bá ní òun fẹ́ fòpin sí ẹ̀tanú, pósítà ló máa lẹ̀ mọ́ ògiri, ó tán. Ẹ ní kí wọ́n wá nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn: bóyá ìdánwò ń bọ́ sí ọjọ́ ọdún ẹ̀sìn àwọn kan, bóyá ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè dá wọ láíbìrì. Èyí ló dùn mọ́ mi jù, torí téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ pàápàá tó o. Ìlànà Amẹ́ríkà ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń gbà gòkè, tó bá fi ínṣì 1 ga, ó kéré tán kó fi ínṣì 12 gùn, kí àyè ẹnu ọ̀nà sì fẹ̀ tó ínṣì 32. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fúnra wọn, ojú wọn á là sí ilé tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yan ọ̀rẹ́. Lọ́dún 1971 ní Austin, Texas, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀ sí kíláàsì kan náà, ìjà ò tán. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, wá pín ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, tẹ́nì kan ò bá sọ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ gbogbo ẹ̀. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe: kẹ́nì kan máa wọ̀n, kẹ́nì kan máa fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, kẹ́nì kan kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé. Ẹ̀yin kẹ́ ẹ ti bá ọ́fíìsì yẹn sọ̀rọ̀ kí sẹ́mẹ́sítà tó wọlé o.

Ibi témi ti ṣàṣìṣe rèé: akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó ní ìpèníjà ara ni mo sọ di olùkọ́ gbogbo wa, ó sú u, ó bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, iṣẹ́ tó bá wù ú ni kó ṣe.

Máàkì ńkọ́? Ẹ má wo àṣeyọrí, ẹni tí wọ́n fetí sí àti ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Grúùpù mi kan ò rí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbà, ọ́fíìsì ní owó ò sí, ni grúùpù náà bá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé kíláàsì tó wà lókè wá sísàlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n gbé e. Àwọn ni mo fún ní A.