Ṣé kí n wọ omi yìnyín lẹ́yìn eré sísá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹni ọdún 46 ni mí, Adó-Èkìtì ni mo ń gbé. Láràárọ̀ Sátidé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sáré láti Baṣírì dé Fajuyi. Tó bá di ọjọ́ kejì, itan mi á ti le gbagidi, àtisọ̀ àtẹ̀gùn á di wàhálà. Ibi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ládùúgbò wa tí wọ́n ń da yìnyín sínú ọpọ́n ńlá, tí èèyàn á wọnú ẹ̀ nítorí ara ríro. Mo fẹ́ dán an wò, àmọ́ ìyá mi ní òtútù àyà ni mo fẹ́ fowó ara mi rà. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Màmá. Kòkòrò ló ń fa òtútù àyà, omi tútù kọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé tí mò ń ṣe, ọkàn àti èémí ló ń kọ mí lóminú.

Omi náà máa ń dín ìrora ẹ̀yìn eré kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló sábà máa ń wà. Ẹni tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù Ìkògòsì, níbi tó ti pàdé èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bí ara bá ṣe kàn án báyìí, èèyàn á ṣàdédé fa èémí símú, kò ní lè kó o níjàánu. Ọkàn á máa lù kìkì, òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ru sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Bí orí bá wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi lèèyàn máa fà símú.

Nítorí náà, ẹ má bẹ́ sínú ẹ̀ o. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, kí ẹ máa mí jáde gígùn bí ẹni ń fẹ́ná àdògán. Tí ẹ bá ti lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, ara ti gbà á nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan dúró tì yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò mọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC, kó má dé ìdí ọpọ́n yẹn rárá: òtútù máa ń ta ìrora eegun wọn jí, ó sì lè gbé wọn dé ọsibítù. Alárùn ọkàn, aláboyún, oníkọ́ fée àti alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ẹ bi wọ́n léèrè bí omi ṣe tutù tó àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ máa bọ̀ nílé.

Tí ẹ bá jáde, ara á ṣì máa tutù sí i fúngbà díẹ̀. Ẹ nu ara, ẹ wọṣọ gbígbẹ, ẹ rìn díẹ̀. Ẹ má gun ọ̀kadà lọ́gán.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé irin kí iṣan wọn lè tóbi, kí wọ́n má wọ̀ ọ́ ní gbàrà tí wọ́n bá gbé irin tán. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, iṣan àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò dàgbà tó tàwọn yòókù.

Ìrora tiyín yẹ kó lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dùn yín, tí ojúgun wú tó sì gbóná, ẹ má gbé e lọ sínú omi yìnyín. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.