Mo fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ara tù mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní mo ti di ọ̀lẹ

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Marina, láti Mowé ni mo sì ti ń lọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, ọmọ mi á ti sùn kí n tó dé. Lọ́dún tó kọjá mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, a kó wá sí Abẹ́òkúta, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ adìrẹ lọ́dọ̀ ìyá kan ní Ìtòkú. Mo gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé. Èmi àti ọmọ mi la jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé rẹ̀. Láìpẹ́ yìí mo jókòó ti àwọn ẹyẹ ẹ̀gà orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, mo wò wọ́n títí, mo sì yà wọ́n sórí aṣọ. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyẹn kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n màmá mi ń sunkún. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, pé ṣé torí kí n lè wá máa rẹ aṣọ láró ni àwọn ṣe rán mi lọ sí yunifásítì. Èmi ni mo ń san owó iléèwé àbúrò mi ní poli, mi ò sì lè san gbogbo rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń padà dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó lọ́sàn-án, ọkàn mi á máa dá mi lẹ́bi. Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ṣé ọ̀lẹ ni mí? Kí ni kí n sọ fún màmá mi?
Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta."

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ, tó ń na apá sínú aró, tó ń roko ẹ̀fọ́, tó tún ń sin ọmọ lọ sí iléèwé, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tó yí padà ni pé iṣẹ́ náà kò gba gbogbo ọjọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún wa pé ẹni tó bá jókòó lọ́sàn-án ti jẹ̀bi? Àwọn baba wa tó fi ọkọ́ àti àdá tọ́ wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti oko dé, abẹ́ igi odán ni wọ́n ń kóra jọ sí. Wọ́n á gbé ọpọ́n olójú 12 kalẹ̀, wọ́n á ka ọmọ ayò 48 sí i, àwọn òǹwòran á yí wọn ká, òmíràn á máa kọ́ni ní ohun tí kò bá a dá sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òrìṣà tí kálukú ń sìn: ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kò sá lọ. Bí màmá rẹ bá ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ yẹn lélẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọkọ́ kọ́ èjìká relé.

Kí o tó gbà pé owó ńlá lo fi sílẹ̀, mú bírò kí o ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà gbéra ńlẹ̀; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Gbogbo ẹni tó ń ti Mowé wọ Èkó ló mọ ohun tí ìyẹn sọ owó ọkọ̀ dà. Fi oúnjẹ tí ò ń rà jẹ níta kún un, nítorí o kì í sí nílé láti dáná. Fi owó ẹni tó ń bá ọ mú ọmọ níléèwé kún un, oògùn ara ríro, aṣọ àti bàtà tí báǹkì ń retí lára rẹ. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú owó oṣù. Iye tó bá ṣẹ́ kù lo fi sílẹ̀ ní tòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kó kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹbí rẹ ń kà sí ọ lọ́rùn. N kò tíì sọ ti wákàtí tó ń bá a lọ. Afárá Third Mainland kò tó kìlómítà 12 láti orí dé ìdí. Àìmọye òbí ló ti jókòó sórí rẹ̀ di ìgbà tí ọmọ wọn sùn.

Ibi tí lẹ́tà rẹ ti dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn ẹ̀gà. O kàn dárúkọ wọn kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ara ti ń bọ̀ sípò fún ọ. Ariwo lásán ni ẹ̀gà jẹ́ létí ẹni tó ń sáré mú ọkọ̀. Ẹni tó bá dúró ló ń rí i bó ṣe ń fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi hun ìtẹ́, tó tún ń padà wá ya òmíràn. Akọ ló ń kọ́ ilé náà. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ ní tirẹ̀, akọ á sì tú ilé náà palẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìwọ tó o fi ọ̀pọ̀ ọdún wo fèrèsé kọ̀ǹpútà báǹkì, o rí gbogbo èyí, ọwọ́ rẹ sì mú un dórí aṣọ. Bí àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ya Ìbàdàndùn, ọnà adìrẹ kan tó gbajúmọ̀, ṣe ṣe nìyẹn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn tí ojú wọn ń rí nígbà gbogbo ni wọ́n yà, wọ́n wá fi ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì. Wọn ò rìnrìn àjò kankan kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n máa yà. Wọ́n wo ohun tó wà nítòsí títí ó fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn, títí di òní la ṣì ń ró o.

Ọ̀gá rẹ á ti sọ fún ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí aró òyìnbó àti sóódà tó gba ọjà. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á fi pò ó sínú ìkòkò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ewé. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí á fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni àwọn aláró ń ké pè kí aró má bàa bàjẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé agbára nìkan kò lè mú un tètè jinná. Ara tí báǹkì ti kọ́ láti máa kánjú ni ò ń mú wọnú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá ń dá ọ lẹ́bi lọ́sàn-án, ara yẹn ló ṣì ń wá báǹkì rẹ̀ kiri. Fún un láyè. Bó o bá ṣì ń wo àwòrán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ àtijọ́ lórí fóònù, dín in kù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún. Má ṣe máa sọ ọ́ níwájú àwọn ìyá tó wà ní Ìtòkú pé ìgbé ayé kékeré dùn. Ìwọ lo yàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun ló bá wọn nílé, wọ́n sì ń dúró ti ìkòkò aró nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n, nítorí bí aṣọ ò bá tà, iná ò ní jó nílé. Bákan náà, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú bí adìrẹ. Nítorí náà má ṣe fi gbogbo owó tí báǹkì san fún ọ ra aṣọ funfun àti aró. Ya owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ ná, kí o má fọwọ́ kàn án. Wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìtòkú. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ò ń gbádùn yìí, owó díẹ̀ tó wà nípamọ́ ni yóò jẹ́ kó pẹ́.

Ní ti màmá rẹ, n kò rò pé iṣẹ́ aró gan-an ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Ọ̀la ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìwọ ni ìfẹ̀yìntì wọn; àwọn òbí tó ta aṣọ, tó yá owó, tó rán ọmọ níléèwé, ọmọ náà ni wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Bí o bá ń wàásù fún wọn nípa ìsinmi àti ẹyẹ, ńṣe ni ẹkún á pọ̀ sí i. Nọ́ńbà ni kí o gbé lọ bá wọn. Lọ kí wọn, kúnlẹ̀, kí o sì sọ pé: "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Iye tí màá máa fún yín lóṣooṣù nìyí. Kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yẹ̀." Kí ó má sì yẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ohùn wọn á yí padà.

Ó tún yẹ kí o mọ̀ pé òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, láyè kó gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá tí kò tíì rí iṣẹ́ mìíràn. Bí o kò bá nílò rẹ̀, fi í síbẹ̀ kó máa dàgbà. Láti 2019 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti gbé ètò ìfẹ̀yìntì kan kalẹ̀ fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí ènìyàn ń dá owó sí bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Wọ inú ètò náà, kí o sì sọ fún màmá rẹ pé o ti wà nínú rẹ̀. Yóò tù wọ́n nínú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Owó àbúrò rẹ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo ṣèlérí fún un kó tó wọlé, sapá kó parí. Pe ẹbí jọ, sọ iye tí agbára rẹ ká, kí àwọn yòókù gbé ìyókù. Àbúrò rẹ pẹ̀lú lè wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe nígbà ìsinmi. Kò dára kí ó máa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé ẹ̀gbọ́n òun ń gbádùn ara rẹ̀ nígbà tí òun ò rí owó ìdánwò san.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà rẹ, gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi kọjá lára rẹ̀: ọkọ rẹ ò sọ nǹkan kan. Mo kà á, mo tún padà kà á. Ìwọ ti bọ́ lójú ọ̀nà yẹn, òun ṣì wà níbẹ̀. Ẹrù tí o sọ̀ kalẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé apá kan nínú rẹ̀. Bóyá tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé e. Bóyá àárẹ̀ ti mú un, tí kò sì fẹ́ kí ìdùnnú rẹ bàjẹ́. Àwọn ọkùnrin wa kì í tètè sọ irú ẹ̀. Bí o bá bi í pé "ṣé kò rẹ̀ ọ́?" yóò ní kò rẹ òun. Ìbéèrè mìíràn ni kí o bi í: ká ní ó lè fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ayé òun náà lọ́dún yìí, kí ni yóò fi sílẹ̀? Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o jẹ́ kó ronú. Má ṣe bá a parí gbólóhùn.

Ó lè sọ pé òun fẹ́ràn Èkó, pé ariwo ibẹ̀ ló ń mú orí òun yá. Gbà á gbọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú eré sísá gan-an ni ayọ̀ tiwọn wà. Ṣùgbọ́n ó tún lè sọ ohun tí o kò retí. Bó bá jẹ́ pé ó wù ú kó máa sùn nílé láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ jọ wò ó bóyá reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí ìjọba ṣí ní 2021, tó ń dúró ní Láderin l'Abẹ́òkúta, lè bá ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ mu, kẹ́ ẹ sì ṣírò owó rẹ̀ mọ́ ti yàrá tó ń gbà l'Ékòó. Bó bá jẹ́ pé ọdún méjì sí i ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ náà kí òun náà tó wálé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwọ náà mọ iye aṣọ tó o gbọ́dọ̀ máa tà títí dìgbà yẹn. Ìrọ̀rùn tí ìwọ nìkan ń jẹ nínú ilé, tí ẹnì kejì ń fi ojú oorun rẹ̀ san, á padà korò lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì, èmi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bá a sọ ọ́ ní Sátidé yìí, lẹ́yìn tó bá ti sùn dáadáa tó sì ti jẹun. Má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ọkàn rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀nà Èkó. Bẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, kọ̀wé padà sí mi. Ohun tí ọkọ rẹ bá sọ ni mo fẹ́ gbọ́.

Èmi ni Àǹtí rẹ.