Ẹ fi bátìrì yẹn sílẹ̀ ná, wáyà ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bátìrì UPS tuntun, 12 volt, 7Ah, lẹ so mọ́ sonar tí ẹ fi ń wá ẹja ní Jabi Lake, àmọ́ ńṣe ni sonar náà ń kú tó ń jí, ẹ sì ti fẹ́ lọ ra bátìrì mìíràn. Ẹ dákun, ẹ ṣì mú owó yín dání.

Ó ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀ rí, ní Kainji. Wáyà sípíkà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo lò, mo kàn lọ́ wọn mọ́ra, mo fi téèpù wé e. Nílé, míta ka 12.6, inú mi dùn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà lórí omi ni mo tún wọ̀n ọ́n, sonar ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lórí bátìrì, 12.4. Nídìí sonar, 10.9! Mo tú téèpù: ojú ibi tí mo lọ́ náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni volt ń bọ́ sí. Rìwáyà kan ní Apo ló bá mi fi òjé jó wáyà 1.5 mm² onírun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sí i. Kò kú mọ́.

Ti fíúsì, èyí tó máa ń já kí wáyà má baà jóná, wá ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ ẹ̀ rárá, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi náà ò fi í sí i nígbà yẹn. Etí àpótí irin tí mo kó irinṣẹ́ sí há wáyà náà títí tí pupa fi kan dúdú. Kí n tó ṣẹ́jú, rọ́bà ẹ̀ ti yọ́ mọ́ mi ní àtàǹpàkò. Àpá ẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Bátìrì kékeré ni, àmọ́ iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe kékeré. Ẹ yẹ ìwé sonar yín wò fún iye fíúsì (3 amp ni tèmi), kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì gan-an. Tí ẹ bá gbé e sídìí sonar, wáyà tó wà láàárín kò ní olùṣọ́.

Sonar mi ń jẹ tó ààbọ̀ amp. Ìdajì 7Ah (Ah ni amp ní ìlọ́po wákàtí) ni mo máa ń lò kí n tó ṣájì: 3.5Ah, tí a bá fi ààbọ̀ amp pín in, wákàtí méje nìyẹn. Tí bátìrì bá wà nínú àpótí, ẹ ṣí i sílẹ̀ tí ẹ bá ń ṣájì o, gáàsì ń jáde. Ṣé ẹ lè lo bátìrì ọ̀kadà tí wọ́n ń bu ásíìdì sí? Rárá, ásíìdì lè dà sínú ọkọ̀.

Ẹ wọn ìdí sonar yín bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sọ iye tó kà fún mi.